Òkúta Tí Ó Há Sí Ọ̀nà Ìtọ̀: Ohun Tí Ó Ń Fà Á àti Bí A Ṣe Ń Yọ Ọ́

Nígbà tí ìrora òjijì bá mú ènìyàn ní ìhà, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí abẹ́ ikùn, ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìgèdè-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ a máa pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, a ó sì wá àgbo sí i. Nígbà mìíràn, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí rárá: òkúta ni ó há sí ọ̀nà ìtọ̀. Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ó yẹ kí a mọ àrùn yìí, nítorí ìfàsẹ́yìn lè ba kíndìnrín jẹ́.

Kíndìnrín ni ó ń sẹ́ ìtọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ń gbé ìtọ̀ lọ sí àpò ìtọ̀. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ṣùgbọ́n ihò inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílímítà 3 sí 4 lọ. Bí omi kò bá tó nínú ara, àwọn èròjà inú ìtọ̀ a dì pọ̀, wọn a sì di òkúta. Oòrùn oko, àìmu omi tó, iyọ̀ àti ẹran àjẹjù a máa dá kún un. Àwọn ìdílé mìíràn sì wà tí ó ń ràn.

Ibi mẹ́ta ni ọ̀nà yìí ti fún: ibi tí ó ti kúrò lára kíndìnrín, ibi tí ó ti gba orí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ń lọ sí ẹsẹ̀, àti ibi tí ó ti wọ àpò ìtọ̀, èyí tí ó fún jù lọ. Níbẹ̀ ni òkúta ti sábà máa ń há. Àtọ̀sí ajá, tí à ń kó nínú odò, lè dá àpá sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà, kí ó sì tún fún sí i.

Òkúta tí kò tó mílímítà 5 sábà máa ń bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Èyí tí ó ju 10 lọ kì í sábà jáde. Ẹ kíyè sí i: ìrora lè rọlẹ̀ nígbà tí òkúta ṣì dí ọ̀nà, kíndìnrín a sì máa bàjẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Bí ibà àti òtútù bá bá ìrora náà wá, tàbí tí ìtọ̀ kò bá jáde mọ́, kí a gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, dókítà a kọ́kọ́ fa ìtọ̀ tí ó sé mọ́lẹ̀ kúrò, kí ó tó padà wá yọ òkúta.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ń gbà yọ ọ́. Èkíní ni ẹ̀rọ tí ń fi ìgbì ohùn fọ́ òkúta láti ìta ara. Ìlú Munich ní Jámánì ni a ti kọ́kọ́ lò ó fún ènìyàn ní ọdún 1980. Èkejì ni irin-iṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná, tí a ń gba ojú ìtọ̀ wọlé láìla ara, tí a sì ń fi lésà fọ́ òkúta náà. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ abẹ tí a ń la ara ṣe, fún òkúta ńlá tàbí níbi tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò sí. Oníṣẹ́ abẹ lè fi rọ́bà rírọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀nà ìtọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí aláìsàn má ṣe gbàgbé ọjọ́ tí wọn yóò yọ ọ́, nítorí òkúta mìíràn lè hù sí i lára.

Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó-Èkìtì, ti Ìjọba Àpapọ̀ sì wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ mu omi púpọ̀, títí ìtọ̀ yóò fi mọ́ lójú.

Nígbà tí Hesekáyà ń ṣàìsàn, ó gbàdúrà, síbẹ̀ Aísáyà pàṣẹ pé kí a fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Àdúrà àti ìtọ́jú kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Kí Olúwa fún wa ní ìlera.