Ẹja Oscar nínú ilé: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe bí iná bá lọ
Ẹja Oscar, ìbátan epìyà láti odò Amazon, lè gùn tó 30 sẹ̀ntímítà. Àpótí onígíláàsì tó gba nǹkan bí 300 lítà omi ló yẹ ẹyọ kan.

Fún àwọn tó ń sìn ín ní Ìkẹjà àti Agége, ìgbà tí iná bá lọ ló léwu jù. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi á dúró, ẹja á wá máa yọ ẹnu sókè. Ẹ ní èyí tó ń lo bátìrì nílẹ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ títí iná á fi dé, torí ìdọ̀tí máa ń dín atẹ́gùn kù.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà. Omi ẹ̀rọ tó ní chlorine, ẹ gbé e sílẹ̀ láìdé e fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó lò ó.