Omi Abẹ́ Ilẹ̀ àti Ìdàgbàsókè Ìlú Ìbàdàn

Àwọn àgbà ní omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò fi ìtàn ìlú Ìbàdàn hàn pé omi tí ó yẹ kí a mu ti ń ṣàn kọjá wa. Èrò wa ni pé kànga tí ó ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti omíyalé tí ó ń dé nígbà òjò, ìdí kan náà ni ó so wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Orí òkúta líle ni Ìbàdàn wà. Òkúta yìí kì í gba omi sára, àfi níbi tí ó bá ti sán. Erùpẹ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀ ni ó ń fa òjò mu, tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí àmù. Inú rẹ̀ ni a ń gbẹ́ kànga sí. Láti inú rẹ̀ náà ni omi ti ń sun sínú odò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829, koríko àti ewé ni wọ́n fi ń bo ilé, oko sì yí ìlú ká. Rélùwéè dé ní 1901. Páànù sì ń gba ipò koríko. Nígbà tí Ìbàdàn di olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn, èrò wọ́ wá. Ètò ìkànìyàn 1952 rí nǹkan bí 459,000 ènìyàn. Ti 1963 rí nǹkan bí 627,000. Oko di ilé, àgbàlá di sìmẹ́ńtì, ojú ọ̀nà di ọ̀dà. Òjò tí ó ń wọlẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń sáré gba gọ́tà lọ sódò.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Omíyalé ńlá mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011. Wọ́n fi kọnkéré mọ ọ̀nà Ògùnpa kí omi lè tètè lọ. Èyí dára fún ẹni tí ó ń sá fún omíyalé, ṣùgbọ́n omi tí ó bá yára lọ kò dúró kí ilẹ̀ mu ún.

A kò gbàgbé omi ẹ̀rọ Ẹlẹ́yẹlé ti 1942 àti ti Aṣéjìrẹ́ ti 1972. Ṣùgbọ́n kò kárí, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń gbẹ́ kànga àti kànga dẹ̀rọ. Bí a ti ń dí ẹnu àmù ni a ń fi igbá púpọ̀ sí i bù ú. Ẹnì kan lè ní páìpù tí ó ń jò àti ṣáláńgá náà ń fi omi kún ilẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ mu omi ṣáláńgá?

Lójú tiwa, iṣẹ́ wà fún olùkọ́ Yorùbá níhìn-ín. Ìsun, àkùrọ̀ àti àbàtà ń kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ wa nítorí pé wọ́n ti kúrò lójú wọn. Ẹ jẹ́ kí a rán wọn lọ bi àwọn àgbà àdúgbò pé: níbo ni ìsun wà, kí ni a sì kọ́ lé e lórí? Wọn yóò ti ibẹ̀ mọ ọ̀rọ̀, wọn yóò sì mọ̀ pé ó yẹ kí a fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ ní àgbàlá fún òjò. Òwe àgbà kò parọ́. Àwa ni a dínà mọ́ omi wa.