Ta Ni Ó Ni Etíkun? Ìtàn Ọ̀nà àti Ìpàgọ́ Olówó Pọ́ọ́kú ní California

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni irú ìrìn àjò kan tí kì í ná ènìyàn lówó púpọ̀: kí ènìyàn di àgọ́, ìkòkò àti aṣọ ìbora sínú ọkọ̀, kí ó máa wakọ̀ lọ lẹ́bàá òkun, kí ó sì pàgọ́ sùn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà tí à ń pè ní Highway 1 ni irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀ jù. Fàájì lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Èrò tiwa ni pé kì í ṣe ẹ̀bùn òkun ni àyè tí mẹ̀kúnnù ní láti sùn létí òkun. Òógùn àwọn kan, owó ìlú àti òfin ni ó mú un wá. Bí ọ̀kan bá sì yẹ̀ nínú wọn, àyè náà lè bọ́.

2. Àwọn tí ó la ọ̀nà

Ṣáájú ọdún 1937, kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè tọ̀ lẹ́bàá òkun láti Carmel dé San Simeon. Òkè Santa Lucia ni ó dí ibẹ̀, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ inú òkun. Ọdún 18 ni wọ́n fi la ọ̀nà náà. Wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ àpáta, wọ́n sì ṣe afárá lórí àwọn àfonífojì. Afárá Bixby, tí wọ́n parí ní 1932, ga ju 260 ẹsẹ̀ bàtà lọ.

Àwọn ẹlẹ́wọ̀n láti San Quentin wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà, a sì ń dín ọjọ́ ẹ̀wọ̀n wọn kù. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a kó wọn sí ni Kirk Creek. Lónìí, ibùdó ìpàgọ́ fún arìnrìn-àjò wà ní Kirk Creek yìí kan náà, ní orí bèbè tí ó kọjú sí òkun. Àdúgbò tí a ti fi ipá mú ẹlẹ́wọ̀n sùn ni olómìnira ń sanwó láti sùn sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ náà ti ní onílẹ̀ kí ọ̀nà tó dé. Àwọn ẹ̀yà Esselen ni ó ń gbé apá kan níbẹ̀ láti ayébáyé. Ní 2020 ni wọ́n tó gba nǹkan bí 1,200 ékà padà nítòsí odò Little Sur.

3. Ilẹ̀ tí a fi owó ìlú rà

Ọ̀nà nìkan kò tó. Bí ọgbà àwọn olówó bá wà ní ọ̀tún àti ní òsì, ibo ni arìnrìn-àjò yóò sùn? Ní 1927 ni ìjọba California dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọgbà ìpínlẹ̀. Ní 1928, àwọn ará ìlú dìbò pé kí ìjọba yá 6,000,000 dọ́là láti fi ra ilẹ̀, ṣùgbọ́n kí a rí iye kan náà láti ibòmíràn kún un. Láàárín 1933 sí 1942, nígbà tí iṣẹ́ ti wọ́n, ìjọba àpapọ̀ gba àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ sí iṣẹ́ igbó àti ọgbà. Àwọn ni ó ṣe púpọ̀ nínú ibùdó ìpàgọ́ tí ó wà ní Pfeiffer Big Sur.

4. Àwọn tí a tì sẹ́yìn

A kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ilẹ̀kùn yìí ṣí fún gbogbo ènìyàn. Ní 1912, Willa Bruce, obìnrin adúláwọ̀, ra ilẹ̀ ní Manhattan Beach. Òun àti Charles ọkọ rẹ̀ sì ṣí ibi ìgbafẹ́ níbẹ̀ fún àwọn ènìyàn wọn. Ní 1924, ìgbìmọ̀ ìlú lo agbára òfin láti gba ilẹ̀ náà, wọ́n ní ọgbà ìlú ni àwọn fẹ́ fi ṣe. Ọdún 2022 ni ìjọba ìbílẹ̀ Los Angeles dá a padà fún àwọn àtọmọdọ́mọ wọn. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé láti 1936 ni Victor Hugo Green ti ń tẹ ìwé tí ó ń tọ́ àwọn adúláwọ̀ sọ́nà sí ibi tí wọ́n lè sùn láìsí wàhálà. Ọ̀nà ọba ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ọba ni ó lè sinmi lé e.

5. Ìjà tí ó bí òfin

Ní àwọn ọdún 1960, àwọn akọ́lé bẹ̀rẹ̀ ìdàgbàsókè Sea Ranch ní Sonoma, níbi tí nǹkan bí máìlì 10 etíkun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àdáni. Èyí ta ará ìlú jí. Ní 1972, wọ́n gbé àbá tí a mọ̀ sí Proposition 20 kalẹ̀ fún ìdìbò. Sẹ́nétọ̀ James Mills gun kẹ̀kẹ́ láti San Francisco lọ sí San Diego láti fi polongo rẹ̀. Àbá náà borí. Ní 1976, òfin etíkun tí ó fìdí múlẹ̀ tẹ̀ lé e. Yàtọ̀ sí pé òfin náà dáàbò bo ọ̀nà àbáwọ òkun, ó tún ní kí a dáàbò bo ibùsùn àti ibi ìgbafẹ́ tí owó wọn kò ga.

6. Ìkádìí

Ẹnìkan lè jiyàn pé òfin kò pa ebi. Òótọ́ ni pé ní ọ̀pọ̀ ibùdó etíkun, a ń gba àyè sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí ọ̀gá yóò fún un ní ìsinmi kò lè bá wọn du àyè. Ṣùgbọ́n èyí kò fi hàn pé òfin kò wúlò. Ohun tí ó fi hàn ni pé iṣẹ́ ṣì kù. Ẹlẹ́wọ̀n la ọ̀nà, ará ìlú ra ilẹ̀, olùdìbò ṣe òfin. Nítorí náà, nígbà tí òpìtàn bá rí àgọ́ kékeré kan létí òkun, kí ó má ṣe bi í léèrè iye tí wọ́n rà á nìkan; kí ó bèèrè ẹni tí ó san gbèsè ilẹ̀ tí a pa á lé lórí.