Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ òkun?

Pańla gbígbẹ tó le bí igi, èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko, Norway ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, pàápàá láti erékùṣù Lofoten. Ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n ti rí òkìtì iyùn Røst ní 2002. Ó gùn tó kìlómítà 35, ó sì wà ní nǹkan bíi mítà 300 sí 400 nísàlẹ̀ omi. Kì í ṣe iyùn ọrùn ọba ni mò ń sọ o! Ẹranko wẹ́wẹ́ ló kọ́ ọ jọ díẹ̀díẹ̀, ẹja sì ń fi ṣe ibùgbé.

Àwọ̀n ńlá tí ọkọ̀ ìpẹja ń wọ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ òkun lè rún un wómúwómú. Ìdí nìyẹn tí Norway fi fòfin dè é níbẹ̀ ní 2003.

Nígbà tó di 2005, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò MAREANO. Ọkọ̀ ojú omi á rán ìró lọ sísàlẹ̀, ìró á balẹ̀, á padà wá. Àkókò tó lò ni wọ́n fi ń mọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Bó ṣe le sí nígbà tó padà ló ń fi hàn bóyá àpáta ni àbí ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró ò lè sọ ohun abẹ̀mí tó ń gbébẹ̀. Lójú tèmi, kámẹ́rà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń yanjú ọ̀rọ̀. Wọ́n tún máa ń bu ẹrẹ̀ wá sókè yẹ̀ wò.

Máàpù tí wọ́n bá yà ni ìjọba ń wò kí wọ́n tó sọ ibi tí wọ́n ti lè wa epo tàbí pẹja. Ọ̀fẹ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.