Bájítì Wo Ló Ń Ṣáájú? Ìtàn Bí Ẹ̀rọ Kan Ṣe Ń Ka Dátà Òmíràn

Ìtàn bí kọ̀ǹpútà kan ṣe ń ka dátà tí òmíràn kọ fọ́nká sínú ìwé atọ́nà àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, sínú ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì àti sínú àròbá, ẹnu wọn kò sì kò. Àwọn kan ń sọ ọ́ bí ìtàn ìjà láàárín irú ẹ̀rọ méjì, tí ọ̀kan wá borí. Ẹ̀rí kò gbè wọ́n. Ibikíbi tí ọ̀rọ̀ náà ti yanjú, ohun kan náà ló yanjú rẹ̀: ìlànà fáìlì ló sọ bí bájítì ṣe tò, ètò tó ń kà á sì tẹ̀lé e láìbìkítà irú ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Bájítì kan kò lè gbà ju nọ́ńbà 0 títí dé 255 lọ. Nítorí náà, 300 gbọ́dọ̀ gba bájítì méjì: 1, tó dúró fún 256 kan, àti 44 tó ṣẹ́ kù. Bí ẹ̀rọ kan bá kọ 1 ṣáájú 44, tí èyí tó ń kà á sì gbà pé kékeré ló ń ṣáájú, 11,265 ni yóò rí. Kò ní sí ìkìlọ̀ kankan, nítorí nọ́ńbà tó ṣì kò yàtọ̀ lójú sí èyí tó tọ̀nà. Ẹni tó bá lọ ilé kéwú ní Ìlọrin ti mọ irú èyí: nínú ìwé Lárúbáwá, tí ojú ń lọ láti ọ̀tún sí òsì, ẹyọ ni ojú ń kọ́kọ́ bá kó tó kan ẹ̀wá, nínú ìwé Yorùbá, òdì kejì ni. Nọ́ńbà kan náà ni, kò sì sí èyí tí kò tọ̀nà, bí òǹkàwé bá ṣáà ti mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ òun.

Ṣáájú System/360 tí IBM gbé jáde ní 1964, kò tilẹ̀ sí ìfohùnṣọ̀kan pé bíìtì mẹ́jọ ló ń jẹ́ bájítì. Ẹ̀rọ yẹn fi èyí tó tóbi ṣáájú. Ní 1970, PDP-11 ti ilé-iṣẹ́ DEC fi kékeré ṣáájú, ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá gba bájítì mẹ́rin, ìdajì tó tóbi ló sábà máa ń ṣáájú, kékeré sì tún ń ṣáájú nínú ìdajì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń pe fífi kékeré ṣáájú ní àṣìṣe kò wo bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀rọ ìgbà náà. Datapoint 2200, tí wọ́n kéde lọ́dún kan náà, ń ṣe ìṣirò ní bíìtì kọ̀ọ̀kan. Apá tó kéré ni ìròpọ̀ sì ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni èyí tí a ń gbé lọ síwájú ti ń wá. Ó bójú mu kí bájítì kékeré kọ́kọ́ dé. Àwòṣe ẹ̀rọ yẹn ni Intel tẹ̀ lé fún 8008 ní 1972, 8086 ti 1978 sì jogún rẹ̀. Ìdí gidi ni, kì í ṣe ìfẹ́ inú lásán. Motorola 68000 ti 1979 tún gba ọ̀nà kejì. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé Unix sórí ẹ̀rọ IBM Series/1, nUxi ló kọ jáde dípò Unix, nítorí bájítì méjì-méjì pààrọ̀ ipò.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1980, Danny Cohen kọ ìwé tó bẹ àwọn ikọ̀ méjèèjì pé kí wọ́n gba àlàáfíà láàyè. Inú ìtàn Gulliver tí Jonathan Swift kọ, níbi tí wọ́n ti ń jà lórí ibi tó yẹ kí a ti fọ́ ẹyin, ló ti mú orúkọ tó fún wọn, "endian". Ohun tó ṣe pàtàkì jù ní tiẹ̀ ni pé àdéhùn ni a nílò, ẹ̀yìkéyìí tí a bá sì yàn yóò ṣiṣẹ́. Ní 1981, ìwé ìlànà RFC 791 yan èyí tó tóbi ṣáájú fún ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ìlànà dátà XDR ti ilé-iṣẹ́ Sun sì yan bẹ́ẹ̀ nínú RFC 1014 ti 1987. Java, tó jáde ní 1996, fi òfin kan náà sínú DataInputStream rẹ̀: orí ẹ̀rọ yòówù kó jẹ́, readInt ń ka bájítì mẹ́rin, èyí tó tóbi ṣáájú. Àwọn tó ń kọ ètò ní C ni kò tètè jàǹfààní. Ọ̀pọ̀ ń da ohun tó wà nínú ìrántí ẹ̀rọ sínú fáìlì bó ṣe wà, pẹ̀lú àlàfo tí kọ̀ǹpáílà fi sáàárín, àti pẹ̀lú long tó jẹ́ bájítì mẹ́rin lórí Windows ṣùgbọ́n mẹ́jọ lórí Linux oníbíìtì 64. Bẹ́ẹ̀, oògùn rẹ̀ rọrùn: bí ìlànà fáìlì bá fi èyí tó tóbi ṣáájú, mú bájítì àkọ́kọ́, fi 256 sọ ọ́ di púpọ̀, kí o fi èkejì kún un. 1 àti 44 yóò di 300 lórí ẹ̀rọ gbogbo, nítorí ìṣirò ni, kì í ṣe wíwo inú ìrántí.

Wọ́n lè ní ìṣirò yìí ń fa ìdádúró. Lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpáílà GCC àti Clang òde òní ń dá irú ìṣirò yìí mọ̀, wọ́n sì lè sọ ọ́ di àṣẹ kan ṣoṣo. Àtakò tó lágbára jù ni pé foonu àti kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oníkékeré-ṣáájú tán. Àmọ́ àwòrán PNG ṣì ń fi èyí tó tóbi ṣáájú, àwọn ẹ̀rọ ńláńlá IBM náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè Yorùbá gan-an sì jẹ́ ẹ̀rí. Nínú UTF-16, ìlànà kan fún kíkọ lẹ́tà, bájítì 1E àti B9 (ní ìpìlẹ̀ mẹ́rìndínlógún) ló ń di ẹ, 1E àti CD ló ń di ọ, 1E àti 63 sì ni ṣ. Bí a bá kà wọ́n ní òdì, ẹ àti ọ yóò di lẹ́tà èdè Kòríà, ṣ yóò sì di ti Ṣáínà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àmì FEFF síwájú irú fáìlì bẹ́ẹ̀. UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, yanjú rẹ̀ láti ìpìlẹ̀: E1, BA, B9 ni ẹ níbi gbogbo, ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan ṣoṣo.

Ní ti èdè C++, Boost.Endian dé ní 2015, C++20 mú std::endian wá, C++23 sì fi std::byteswap kún un. Wọ́n wúlò, pàápàá fún dátà ńlá tí a fẹ́ yí padà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n std::endian ṣì ń jẹ́ kí ètò béèrè irú ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ìlànà fáìlì ló yẹ kó bi.