Ìwé Ẹ̀rí Kan ní Glasgow

Bí ìjà ilẹ̀ bá wọ kóòtù lónìí, ìwé ni adájọ́ máa ní kí wọ́n mú wá. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí láàárín àwọn ẹgbẹ́ Síkáòtù ilẹ̀ Bìrìtéènì tó ń du ipò àkọ́bí. Wọ́n pọ̀ tó ń pariwo pé àwọn làwọ́n kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ Kìíní ti Glasgow, ní Scotland, ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́: 26 oṣù Kìíní, ọdún 1908.

Oṣù yẹn gan-an ni ìwé ọ̀gágun Baden-Powell, Scouting for Boys, bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Abala mẹ́fà ni, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, pẹ́nì mẹ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan; tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀ kan nìyẹn lówó àwọn bàbá wa. Ọmọ iléèwé lè tù ú jọ.

Baden-Powell ti dán ọ̀rọ̀ náà wò kó tó kọ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1907, ó kó àwọn ọmọkùnrin bí ogún lọ sí erékùṣù Brownsea, nítòsí Poole. Àwọn ọmọ olówó láti iléèwé Eton àti Harrow san pọ́n-ùn kan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Boys' Brigade láti Poole àti Bournemouth san ṣílè mẹ́ta àti sísì. Ó pa wọ́n pọ̀ sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ó sì so òwú aláwọ̀ mọ́ èjìká wọn: búlúù fún ọ̀wọ́ Ìkookò, pupa fún ọ̀wọ́ Ẹyẹ Ìwò. Láàárọ̀, ìwo kudu, irú ẹtu ńlá kan, ló ń fọn láti jí wọn, ìwo gígùn tó lọ́ bí okùn, tó rí kó lójú ogun Matabele ní gúúsù Áfíríkà ní 1896.

Kò gbèrò àtidá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ o. Ohun tó fẹ́ ni kí Boys' Brigade àti irú wọn máa fi ìwé rẹ̀ kọ́ ọmọ. Àwọn ọmọ ni kò dúró. Wọ́n ra ìwé, wọ́n kó ara wọn jọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá àgbà tí yóò ṣíwájú wọn. Àwọn ti Glasgow rọ́nà lọ ní tiwọn: àgbà kan, Robert E. Young, ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Èmi gbà pé ohun tó jẹ́ kí wọ́n tètè ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Síkáòtù fi dé Nàìjíríà ní 1915, ìwé ẹ̀rí Glasgow náà ti pé ọdún méje. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Bìrìtéènì tó fi igi ìgbálẹ̀ ìyá wọn ṣe ọ̀pá, tí wọ́n sì ti wọ inú igbó láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó kọ déètì tiwọn sílẹ̀.