Ìtàn iṣẹ́ abẹ fún ẹni tó sanra jù: èwo ni kí èèyàn yàn?

Ẹ̀kọ́ ìlera wa tòní gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa mọ́, kí ọmọ kà á sí i létí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọmọ ní London, ní Houston tàbí ní Èkó. Lóde òní, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè pè wálé pé, "Mọ́mì, dókítà ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín sísanra kù." Ìyá kan á figbe ta pé abẹ kò ní kan ọmọ òun. Ìyá mìíràn á ní kó máa lọ, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Àwọn méjèèjì kò tíì béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè: irú iṣẹ́ abẹ wo ni? Kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n pọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ara kò sì jọra. Òmíràn wà tí a lè tú, òmíràn wà tí a kò lè dá padà títí ayé. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ ìyàtọ̀ wọn ni kí a mọ ìtàn wọn, nítorí ibi tí ti àkọ́kọ́ kù sí ni wọ́n ti rí èyí tó tẹ̀ lé e.

*Ta ni ọ̀rọ̀ náà kàn?*

Láyé àwọn ìyá wa, bí obìnrin bá sanra, a ó ní ara tù ú, a ó ní ọkọ ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sóko, orí ni wọ́n fi ń ru iṣu bọ̀. Nísinsìnyí, ọ̀kadà ló ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ọjà. Iyán ò yí padà, ìrìn ló dín kù.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó sanra ni iṣẹ́ abẹ yìí wà fún. Àwọn dókítà máa ń fi gíga èèyàn wo ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ mú iye kílò yín, ẹ pín in sí ọ̀nà gíga yín ní mítà, kí ẹ tún fi gíga náà pín in lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ lè fi fóònù ṣe é. Obìnrin tó ga ní mítà 1.60, tó wọn kílò 77, á rí 30. Bó bá wọn kílò 90, á rí 35. Bó bá wọn kílò 103, á rí 40. Láti 30 lọ sókè ni a ń pè ní sísanra jọ̀kọ̀tọ̀.

Ní ọdún 1991, àwọn onímọ̀ tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà pè jọ sọ pé ẹni tó bá ti dé 40 ni iṣẹ́ abẹ yẹ fún, tàbí ẹni tó dé 35 tó sì ní àìsàn bí ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ lágbàáyé fà á wálẹ̀: ẹni tó dé 35, bí kò tilẹ̀ ní àìsàn mìíràn, àti ẹni tó wà láàárín 30 sí 35 tí ìtọ̀ ṣúgà ń yọ lẹ́nu. Ẹni tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìrìn àti oúnjẹ ni kó mójú tó.

*Àkọ́kọ́: wọ́n dín ọ̀nà ìfun kù*

Ní ọdún 1954, dókítà Arnold Kremen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota, Amẹ́ríkà, kọ ìwé nípa iṣẹ́ ìfun, wọ́n sì mẹ́nu ba aláìsàn kan tí wọ́n ti gé ọ̀nà ìfun rẹ̀ kúrú. Wọ́n mú ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, wọ́n so ó mọ́ ibi tó kù díẹ̀ kó parí, kí oúnjẹ má bàa gba àárín kọjá. Ohun tí èèyàn bá jẹ kì í pẹ́ nínú, ara kì í rí i lò.

Lóòótọ́, àwọn tí wọ́n ṣe é fún fọn. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru kò dá, òkúta ń wà nínú kíndìnrín wọn, oríkèé ara ń ro wọ́n, ẹ̀dọ̀ àwọn mìíràn sì bàjẹ́ débi pé wọ́n kú. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1980, àwọn dókítà ti pa á tì. Ẹ̀kọ́ tó fi sílẹ̀ ni pé fífọn nìkan kọ́ ni ìlera. Ẹni tó fọn tí oúnjẹ ò sì ṣe lára rẹ̀ lóore, ebi ló ń pa á.

*Èkejì: àpò oúnjẹ kékeré*

Dókítà Edward Mason wà ní Yunifásítì Iowa. Ó kíyè sí i pé àwọn obìnrin tí wọ́n gé apá kan àpò oúnjẹ wọn nítorí ọgbẹ́ inú kì í sábà sanra mọ́. Ní ọdún 1966, òun àti Chikashi Ito bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ abẹ tí à ń pè ní bypass. Wọ́n pín àpò oúnjẹ sí méjì, wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ lókè, wọ́n sì so ìfun mọ́ ọn. Lóde òní, àpò kékeré náà kì í ju ẹyin adìyẹ lọ. Èyí tó tóbi ṣì wà nínú ikùn, oúnjẹ kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni.

Ní ọdún 1994, Alan Wittgrove àti Wesley Clark ní California ròyìn pé àwọn ti ṣe é láti inú ihò kéékèèké pẹ̀lú kámẹ́rà, láìla ikùn gbàragada. Ọgbẹ́ kékeré yìí mú kí aláìsàn tètè dìde.

*Ẹ̀kẹta: dídì í ní bẹ́líìtì*

Mason fúnra rẹ̀ tún wá ọ̀nà tó rọrùn. Ní ọdún 1980, ó fi pín-ín-nì irin pín àpò oúnjẹ, ó sì fi òrùka dín ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kù, láìfọwọ́ kan ìfun. Ṣùgbọ́n pín-ín-nì ń já nígbà mìíràn, àwọn aláìsàn sì rí i pé ẹran kì í tètè kọjá, ohun mímu aládùn a máa kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n fi ẹran sílẹ̀, wọ́n gba mínírà mú, ọ̀pọ̀ sì tún sanra padà.

Ní ọdún 1986, Lubomyr Kuzmak ní New Jersey mú bẹ́líìtì rọ́bà jáde tí wọ́n lè fún tàbí kí wọ́n tú nípa fífi abẹ́rẹ́ fa omi sí i lábẹ́ awọ. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2001, gbogbo èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ torí ó ṣeé yọ. Àmọ́ ó ń yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ó ń jẹ wọnú àpò oúnjẹ nígbà mìíràn, ó sì gba kí èèyàn máa lọ rí dókítà lemọ́lemọ́. Àwọn tó padà lọ yọ ọ́ pọ̀. Lónìí, díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí ara ènìyàn mọ́.

*Ẹ̀kẹrin: èyí tí wọ́n ṣèèṣì bá pàdé*

Iṣẹ́ abẹ kan wà tó lágbára ju gbogbo wọn lọ. Duodenal switch ni orúkọ rẹ̀. Ó ń gé àpò oúnjẹ, ó tún ń mú kí oúnjẹ fo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìfun. Ó léwu fún ẹni tó tóbi gan-an. Ní nǹkan bí ọdún 2000, Michel Gagner ní New York pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì: kí wọ́n kọ́kọ́ gé àpò oúnjẹ, kí aláìsàn fọn díẹ̀, kó tó padà wá ṣe ti ìfun. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn mìíràn fọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò nílò ẹlẹ́ẹ̀kejì mọ́. Bí sleeve ṣe di iṣẹ́ abẹ tó dá dúró fúnra rẹ̀ nìyẹn. Òun ni wọ́n ń ṣe jù lágbàáyé báyìí.

Wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò oúnjẹ, wọ́n á gbé e jáde. Èyí tó kù á rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ohun tí wọ́n gbé jáde kò ṣeé dá padà.

*Ṣé ó ń gba ẹ̀mí là?*

Ní ọdún 1995, Walter Pories àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní North Carolina kọ̀wé nípa àwọn 608 tí wọ́n ṣe bypass fún. Nínú àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ju mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ sí bó ṣe yẹ. Ti àwọn mìíràn wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n tó fọn rárá.

Ní Sweden, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 1987. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn 2,010 tó ṣe iṣẹ́ abẹ àti àwọn 2,037 tí kò ṣe é. Nígbà tí wọ́n ròyìn ní 2007, àwọn 101 ló ti kú nínú àwọn tó ṣe é, àwọn 129 nínú àwọn tí kò ṣe é. Ó ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn àìkú.

Ó sì ní ewu tirẹ̀. Ìwádìí Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 2009 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ṣe é, nǹkan bí mẹ́ta kú láàárín 30 ọjọ́.

*Ẹ má fi wé fífa ọ̀rá*

Ọ̀pọ̀ wa rántí ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2005, nígbà tí Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó Ààrẹ wa nígbà náà, kú ní Marbella ní Spain lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà tí wọ́n fi ń dín ọ̀rá ara kù. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé ẹni 60 ọdún. Ní 2009, ilé ẹjọ́ níbẹ̀ dá dókítà tó ṣe é lẹ́bi. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ abẹ àti ọ̀rá, ẹ̀rù ikú yẹn ló ń bà wá.

Ṣùgbọ́n fífa ọ̀rá kì í ṣe ohun tí a ń sọ níhìn-ín. Ìrísí ara ni fífa ọ̀rá wà fún. Kì í wo ìtọ̀ ṣúgà sàn, kì í sì í ṣe ìtọ́jú fún sísanra jọ̀kọ̀tọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọmọ yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n, kó tètè kúrò níbẹ̀.

*Nígbà náà, èwo ni ká yàn?*

Ní 2018, ìwádìí Finland àti ti Switzerland tó fi bypass wé sleeve fún ọdún márùn-ún jáde. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń dín sísanra kù kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, bypass ló fi díẹ̀ ṣíwájú. Nítorí náà, ara ẹni tó fẹ́ ṣe é àti ibi tó ń gbé ló yẹ ká wò. Ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí:

1. Ṣé omi kíkan máa ń ru gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tí àyà ń ta á? Sleeve lè mú un burú sí i. Bypass ló sàn fún un.

2. Ṣé ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ ti pẹ́, tó sì le? Bypass máa ń lágbára jù níbẹ̀. Àmọ́ ṣúgà lè padà wá, kó má ṣe dẹ́kun àyẹ̀wò.

3. Ṣé eékún ń dùn ún, tó ń lo oògùn ìrora lójoojúmọ́? Lẹ́yìn bypass, ibuprofen, diclofenac àti Alabukun, tí aspirin wà nínú rẹ̀, lè dá ọgbẹ́ sí ojú ibi tí wọ́n so pọ̀. Ẹni tí kò lè fi wọ́n sílẹ̀, kó sọ fún dókítà kó tó yàn.

4. Ṣé á lè máa lo fítámì ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́dọọdún? Lẹ́yìn bypass, ara kì í rí áyọ́ọ̀nù, kálísíọ́ọ̀mù àti fítámì B12 gbà dáadáa mọ́. Ti duodenal switch tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbé ní Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n gbọ́dọ̀ ti mọ̀ bóyá Adó, Ìdó-Èkìtì tàbí Ilé-Ifẹ̀ ni yóò ti máa rí dókítà, kí ọ̀bẹ tó kan ara rẹ̀.

5. Ṣé ó ṣì fẹ́ bímọ? Àwọn dókítà máa ń ní kó dúró fún oṣù 12 sí 18 kó tó lóyún.

6. Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ bí ojú iṣẹ́ náà bá ń jò? Ọ̀pọ̀ ń lọ ṣe é lókè òkun torí ó dínwó, wọ́n á sì wọ bàálù padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ibà bá dé, tí àyà ń lù kìkì, tí inú ń run, tí èémí kò já gaara, kì í ṣe àgbo ni, kì í ṣe ká dúró di àárọ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ tún rántí oúnjẹ. Àwa Èkìtì, gbígbé mì là ń gbé òkèlè iyán mì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, ohun gbogbo ni a gbọ́dọ̀ jẹ lẹ́nu kúnná. Ẹyin, ẹja àti mọ́ínmọ́ín ló ń ṣíwájú, èyí tó bá wá ṣẹ́kù ní àyè ni ti iyán. Ohun aládùn lẹ́yìn bypass lè mú kí òógùn bo ara, kí òòyì sì kọ́ni. Ẹmu àti ọtí á tètè máa pani ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá wálé lọ́dún, kí a má fi agídí bu abọ́ kún fún un, ká ní kò fẹ́ràn ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ mọ́.

Oògùn abẹ́rẹ́ náà ti wà. Ní 2021, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí semaglutide fún dídín sísanra kù. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá dá a dúró, ọ̀pọ̀ nínú kílò náà ń padà. Tíì àti àgúnmu tí wọ́n ń polówó pé ó ń fọ ọ̀rá kò sí nínú ìtàn yìí rárá.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi ìbẹ̀rù dá ọmọ dúró, ẹ má sì fi "Ọlọ́run á ṣọ́ ọ" nìkan rán an lọ. Ẹ béèrè orúkọ iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa gé àti bóyá ó ṣeé dá padà. Ẹ béèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Bí dókítà kò bá lè dáhùn, kí ọmọ wá òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, ẹ sì kà á fún àwọn tí kò ní fóònù. Ìlera lọrọ̀. Ire o.